Jíìpù Sọ́jà Níwájú Ilé Ìyá Ọkọ Mi

Wolé-wolé ni ọkọ mi nígbà náà. Gbogbo Igbó-Ọrà ló mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń ṣí ìkòkò omi onílé wò bóyá tanwíjí ń jó nínú ẹ̀, òun ló máa ń na ìka sí ẹ̀yìnkùlé àwọn ìyá arúgbó pé, "Ẹ̀yin ìyá yìí, ṣé ẹ fẹ́ pa gbogbo àdúgbò ni?" Ó mọ ẹjọ́ ìdọ̀tí rò ju lọ́yà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, kó wá wo iwájú ilé tiwa. Ibẹ̀ ni wọ́n wọ́ jíìpù sọ́jà kan sí lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, ibẹ̀ ló sì wà tó ń rùn. Ọkọ mi fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá kiri ìlú.

Níbi gbàǹjo kan ní Ìbàdàn ló ti rà á. Lọ́rì tó wá kó pákí ló fi okùn wọ́ ọ gba Èrúwà dé ọ̀dọ̀ wa. Ojú mi ni wọ́n ṣe tú okùn náà. Àwọn táyà ẹ̀ ti sán. Ìpẹtà ti jẹ abẹ́ ẹ̀ débi pé ẹni tó bá jókòó sínú ẹ̀ á máa rí ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Fóòmù ìjókòó ti tú jáde, eku ti bímọ sínú ẹ̀, àwọn ọmọ eku pupa yòò tí wọn ò tíì lajú, tí wọ́n ń jà rà-pà-rà-pà nínú fóòmù tí ìtọ̀ ti rẹ. Òórùn ìtọ̀ yẹn pẹ̀lú ọ́ìlì tó ti bàjẹ́ gbá mi nímú. Mo gbé ìgbálẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀, mo lọ bì sẹ́yìn ilé. Kì í ṣe oyún o. Ìríra ni.

Mo padà wá, mo ní, "Bàbá Ìbejì, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"

Ó ní, "Màá tún un ṣe. Ìwọ náà wò ó dáadáa, jíìpù gidi ni."

Gidi! Eku ń wò mí láti inú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa àbúrò ọkọ mi kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín. Àbíkẹ́yìn Màmá, ìyá ọkọ mi, ni. Ó ti wọ iṣẹ́ ológun kí wọ́n tó gbé mi wọlé, gbogbo ilé sì ń pè é ní Sọ́jà. Èmi ò fojú kàn án rí, ṣùgbọ́n ọkọ ni mo ń pe òun náà, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe ọmọ tó bá nílé. Dírẹ́bà jíìpù ni wọ́n fi í ṣe níbẹ̀. Ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sílé, ó fara ti jíìpù, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń rẹ́rìn-ín. Màmá gbé fọ́tò náà kọ́ sí pálọ̀, àràárọ̀ ló máa ń fi etí ìró ẹ̀ nù ún.

Ogun ò tíì parí tí sọ́jà ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kan fi wá bá ọkọ mi ní ọ́fíìsì, tó sọ fún un pé ọmọ náà ti kú lójú ogun. Ọkọ mi sunkún dé ilé olórí ẹbí. Àwọn àgbà pé jọ síbẹ̀. Wọ́n ní a kì í túfọ̀ irú òkú bẹ́ẹ̀ fún ìyá. Wọ́n ní ara Màmá ò le, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, tó bá gbọ́ ọ, yóò ṣubú lulẹ̀ ni. Wọ́n ní kí gbogbo wa panu mọ́ títí àkókò á fi tó. Àkókò wo? Ta ni yóò lu agogo ẹ̀? Kò sẹ́ni tó sọ. Báyìí ni gbogbo agboolé ṣe mọ̀, tí gbogbo àdúgbò mọ̀, tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó lóyún ọmọ nìkan ni ò mọ̀.

Màmá á gbé àpótí ẹ̀ síwájú ilé lọ́sàn-án, á kọjú sí títì. Tí lọ́rì bá ti Èrúwà dé, á nà dìde díẹ̀, á tún jókòó. Àwọn baba wa ní ó sàn kí ọmọ ẹni kú ju kó nù lọ. Wọ́n gba èyí tó sàn lọ́wọ́ obìnrin yẹn, wọ́n gbé èyí tó burú lé e lọ́wọ́, wọ́n sì ń pè é ní àánú.

Lọ́jọ́ tí jíìpù dé, Màmá jáde síta, ó ní, "Ta ló ni mọ́tò yìí?"

Ọkọ mi lanu. Ó wo lọ́rì, ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Ó ní, "Ti Sọ́jà ni, Màmá. Òun ló fi ránṣẹ́. Ó ní kí n bá òun tún un ṣe. Tó bá ti ń rìn, òun á wá gbé e."

Háà! Ilẹ̀ ò yà kó gbé mi mì. Màmá sún mọ́ irin tó dípẹtà yẹn, ó fọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń pa orí ọmọ. Ó ní, "Ó mà kúkú rántí ilé." Ó sọ ọ́ títí ó fi wọlé.

Mo fa ọkọ mi wọ yàrá. Mo ní, "Kí lẹ wí yẹn?"

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ló bọ́ lẹ́nu mi."

"Ẹ lọ gbé e mì padà."

"Ìyá Ìbejì, o ò rí bí inú ẹ̀ ṣe dùn tó ni?"

Mo ní, "Ṣìọ̀!" Mo jáde fún un. Irú inú dídùn wo ni wọ́n ń bù látinú sàréè?

Bí iṣẹ́ jíìpù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá ọkùnrin tó ń tún mọ́tò ṣe gbé rí, ẹ dúpẹ́. Mo ti ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà dé lọ́jọ́ kan, mo bá bàsíà tí mo fi ń wẹ àwọn ìbejì mi, ó kún fún kẹrosíìnì, nọ́ọ̀tì ń bẹ nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú lé lójú ẹ̀. Ìkòkò tí mo fi ń se ẹ̀wà, ọ́ìlì ló ń kán sínú ẹ̀. Ìró mi tí mo tọ́jú sínú àpótí, ó fà á ya, ó fi ń nu ẹ́ńjìnnì. Gbòǹgbò ewúro mi ló máa ń da ọ́ìlì tó ti lò sí títí ewúro náà fi kú. Tó bá wá jókòó sídìí oúnjẹ, èékánná ẹ̀ dúdú kirikiri, á na ọwọ́ náà sínú àwo ẹ̀bà, gírísì á máa léfòó lójú ọbẹ̀ ilá mi. Mo ní kó lọ fọ ọwọ́. Ó ní òun ti fọ̀ ọ́. Èmi wáá gbé oúnjẹ tèmi kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn n ò bá a jẹun nínú àwo kan náà mọ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, ẹni bá ní omi gbígbóná àti ọṣẹ á ṣẹ́gun ẹ̀. Èyí tí n ò lè fọ̀ dànù ni ohun tí mo bá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Màmá na ẹsẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù, ó mú sáńpépà dání, ó ń ha ìpẹtà ara mọ́gáàdì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Eruku pupa ti bo ojú ẹ̀, ó ti wọ inú ìrun ẹ̀. Ìka ẹ̀ kan ti bó.

Mo ní, "Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe èyí?"

Ó ní, "Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ Bàbá Ìbejì. Tó bá dé, mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo ṣe níbẹ̀."

Ọkọ mi wà lábẹ́ mọ́tò, ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ó gbọ́ ohun tí ìyá ẹ̀ wí. Kò jáde. Ó ń lu irin lábẹ́ ibẹ̀ bí ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Mo wo àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì, mo tutọ́ sílẹ̀.

Mẹkáníìkì kan wà tó máa ń ti Èrúwà wá ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ ilé wa. Òun ló wá táyà, òun ló rán ìjókòó, òun ló wá páńẹ́ẹ̀lì bítà tó lẹ abẹ́ mọ́tò. Jíìpù bẹ̀rẹ̀ sí í jọ jíìpù. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó ń dán. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Ohun tí mẹkáníìkì bá dè lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ mi á tú u lọ́jọ́ Ajé. Á ní kabúrétọ̀ yẹn kì í ṣe irú ti sọ́jà. Á ní wáyà yẹn ò tọ̀nà. Ọ̀dà tó ń dán yẹn pàápàá, ó ha á dànù, ó ní àwọ̀ ewé ti sọ́jà ṣú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹkáníìkì ń mi orí. Ó rò pé ọ̀gá òun jẹ́ ẹni tó fẹ́ kí nǹkan pé ni.

Èmi mọ ohun tó ń ṣe. Ẹnu ẹ̀ ló fi de ara ẹ̀: ọjọ́ tí jíìpù bá rìn, Sọ́jà gbọ́dọ̀ dé. Torí náà jíìpù ò gbọdọ̀ rìn. Màmá ń ha ìpẹtà kí ọmọ ẹ̀ lè tètè dé, ọmọ ẹ̀ kejì ń tú nọ́ọ̀tì kó má dé.

Mo sọ ọ́ sí i lójú. "Ẹ̀ ń bẹ̀rù jíìpù tí ẹ fọwọ́ ara yín rà."

Ó jókòó sórí táyà, ó ní, "Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ sọ fún un."

"Kó wáá kú mọ́ mi lọ́wọ́? Sọ́jà ti lọ, kí Màmá náà tún lọ?"

Mo fẹ́ káàánú ẹ̀. Ó fi ọwọ́ tó kún fún gírísì nu ojú, ó wá dà bí ọmọ tó jí ẹ̀kọ jẹ. Àánú náà ò wá.

Lọ́jọ́ ọjà Lánlátẹ̀ kan, ọkọ mi gun kẹ̀kẹ́ lọ yẹ ẹran wò níbẹ̀. Kò pẹ́ tó lọ ni mẹkáníìkì yọ, kì í sì í ṣe ọjọ́ ẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Èrúwà ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé jíìpù kan ṣoṣo gbọ́n jù ú lọ, inú sì ń bí i. Ó gbé kabúrétọ̀ kan dání, ó ní irú ti sọ́jà gan-an ni, òun ti rí i. Mo ní kó dúró de ọ̀gá ẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún wọn ni. Ó dè é, ó bu epo sí i, ó ki irin bọ iwájú ẹ̀, ó fi gbogbo agbára yí i.

Jíìpù wúkọ́. Ó tu èéfín dúdú sára aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Ó tún wúkọ́, ó bú ramúramù, gbogbo adìyẹ fọ́n ká.

Mo sáré jáde, mo ń pariwo, "Ẹ pa á! Ẹ pa á!" Ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kó gbọ́. Ó rò pé mò ń bá òun yọ̀ ni. Ó bẹ́ sórí ìjókòó, ó ń fẹsẹ̀ tẹ iná ẹ̀ mọ́lẹ̀, eyín ẹ̀ funfun báláú.

Màmá jáde láìwé gèlè. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Ó ti ṣiṣẹ́! Ọmọ mi ń bọ̀!" Ó ń jó lórí ilẹ̀ ọ́ìlì yẹn pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún.

Àwọn aládùúgbò dé. Kí ni kí ẹnu wọn sọ? "Màmá, ẹ kú ojú lọ́nà o!" "Ẹ kú ojú lọ́nà, Ọlọ́run á mú un dé láyọ̀!" Màmá ń dá wọn lóhùn, "Àmín, ẹ ṣé, ẹ kú àdúrótì." Gbogbo wọn ló mọ̀. Ìyàwó olórí ẹbí tó bá wa sunkún ní kọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, òun ló ṣe àdúrà tó gùn jù. Mo rántí àwọn ọmọ eku inú fóòmù. Àwọn yẹn ò tiẹ̀ kó mi nírìíra tó báyìí, nítorí eku ò ṣe àmín.

Màmá ní kí n gbá yàrá Sọ́jà. Ó ní kí n wá iṣu Igangan, ó ní iyán ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Mo gbá yàrá tí òkú ni ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ mi dé. Mẹkáníìkì ti lọ. Wọ́n ti ròyìn fún un lójú ọ̀nà, torí ó ti ń làágùn kó tó sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Kò wọlé kí ìyá ẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú kabúrétọ̀, ó gbé e gba ẹ̀yìnkùlé, ó jù ú sínú ṣáláńgá. Mo gbọ́ bó ṣe já sínú ìgbẹ́ gbì. Wolé-wolé o! Ọkùnrin tó ń kọ́ gbogbo Ìbàràpá bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ṣáláńgá. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó wọlé tọ Màmá lọ, ó ní, "Màmá, jíìpù yẹn tún ti bàjẹ́ o."

Màmá ní, "Mo fetí mi gbọ́ ọ."

"Ó bàjẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni."

Màmá wò ó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, inú jíìpù la bá Màmá. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí dírẹ́bà máa ń jókòó. Ó ní òun ò ní sọ̀ kalẹ̀ títí ẹni tó ni ín á fi dé, kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án mọ́. Mo gbé ẹ̀kọ lọ bá a, kò jẹ ẹ́. Oòrùn mú, kò sọ̀. Àwọn tó ń lọ sóko ń kí i, "Ẹ kú ojú lọ́nà o, Màmá," ó ń dá wọn lóhùn, ohùn ẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀.

Ọkọ mi wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Olórí ẹbí wá bá a níbẹ̀, mo sì ń gbọ́ wọn. Bàbá náà ní kí wọ́n sọ pé wọ́n ti gbé Sọ́jà lọ sí Kàdúná, pé kò ní lè wá mọ́ lọ́dún yìí. Ọkọ mi ní, "Ó dáa, bàbá."

Ó dáa! Àgbàlagbà méjì jókòó ní pálọ̀ lábẹ́ fọ́tò òkú, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á fi í wọ́ sí. N ò tún wẹ̀yìn. Mo jáde, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù, nínú ẹrẹ̀ ọ́ìlì yẹn, pẹ̀lú aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ síléèwé.

Mo ní, "Màmá, ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Ìyẹn nìkan ni mo sọ. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ẹni tí a ń kí bẹ́ẹ̀. A kì í kí ẹni tó ń retí èèyàn bẹ́ẹ̀ láé.

Màmá ò ṣubú. Ọwọ́ ẹ̀ wà lórí síárìn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó ti pẹ́?"

"Ó ti pẹ́, Màmá."

"Ó ṣáájú kí wọ́n tó wọ́ eléyìí dé?"

"Ó ṣáájú ẹ̀."

Ó yí ojú sí àdúgbò, ó wo ilé kọ̀ọ̀kan. "Àwọn tó ń kí mi kú ojú lọ́nà ńkọ́?"

Ó mi orí. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí mà dọ̀tí o." Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń sọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lára aṣọ.

Ó sọ̀ kalẹ̀. N ò jẹ́ kó ṣubú, ṣùgbọ́n kò di ọwọ́ mi mú. Ó pe ọkọ mi. Ọkọ mi jáde látẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sọ ohun tí àwọn àgbà wí. Màmá dúró títí ó fi sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Dìde. N ò bi ọ́ níbi tí wọ́n sin ín sí. Mo mọ̀ pé a kì í fi sàréè ọmọ han ìyá. Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé, ṣé wọ́n sin ín?"

Ọkọ mi gbójú sókè, ó wò mí. Èmi náà wò ó. Olórí ẹbí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ tí sọ́jà yẹn ti wá sí ọ́fíìsì, pẹ̀lú gbogbo ìpàdé tí wọ́n ṣe lórí bí a ó ṣe purọ́ tí yóò dọ́gba lẹ́nu gbogbo wa, kò sẹ́ni kankan nínú wa tó béèrè.